Bí Ẹ̀kọ́ Fíìmù Ìgbà Ìsinmi Ṣe Di Ti Àwọn Ọmọ Girama

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan gbé kámẹ́rà sójú, ṣùgbọ́n kò tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ti ní káwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tún dìde. Fíìmù inú káséètì Super 8, ìyẹn irú fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wà nínú káséètì, tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ. Bí kámẹ́rà bá ń ya àwòrán 18 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 20 péré ló máa lò. Bó bá ti tán, ó tán nìyẹn. Lójú tèmi, ọ̀wọ́n fíìmù yìí gan-an ló fún ẹ̀kọ́ fíìmù ìgbà ìsinmi ní ìwà tó ń hù títí dòní.

Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ló kọ́kọ́ wà ná. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹ̀kọ́ girama máa ń tì pa fún oṣù bíi méjì àbọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn olùkọ́ sì rí i pé àyè ńlá nìyẹn. Ní 1928, àwọn ọmọ tó ń lo ohun èlò orin kóra jọ sí Interlochen ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ní 1931, Northwestern University náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọmọ girama lásìkò yẹn. Ìlànà tó tibẹ̀ wá rọrùn: ẹ wá sùn síbẹ̀, ẹ gbájú mọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kẹ́ ẹ sì ṣe é níwájú èrò kẹ́ ẹ tó relé.

Fíìmù ò tètè bá wọn débẹ̀. Ilé iṣẹ́ Kodak mú fíìmù 16mm (tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16) jáde ní 1923, 8mm tẹ̀ lé e ní 1932, ìnàwó sì dín kù. Síbẹ̀, ọwọ́ lèèyàn fi ń fa etí fíìmù wọ inú kámẹ́rà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ta sí i, iṣẹ́ ti bà jẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ fíìmù láìsí fíìmù, Moscow ni ká ti lọ wò ó. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sinimá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1919, nígbà tí fíìmù wọ́n bí ojú. Lev Kuleshov, ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ ibẹ̀, ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa ṣeré bí ẹni pé kámẹ́rà ń yí. Ó tún gé fíìmù àtijọ́, ó sì tò ó pa dà: ojú ọkùnrin kan, àwo ọbẹ̀ tẹ̀ lé e, ojú yẹn kan náà, pósí tẹ̀ lé e. A gbọ́ pé àwọn tó wò ó rí ebi nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n rí ìbànújẹ́ nínú èkejì, bẹ́ẹ̀ ojú náà ò yí pa dà rárá. Mo fẹ́ràn àdánwò yìí gan-an, torí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lè ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

New York ni kámẹ́rà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ gan-an. Láwọn ọdún 1960, Rodger Larson ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́langba ní Bronx bí wọ́n ṣe ń ya fíìmù 16mm. Ní 1968, òun, Lynne Hofer àti Jaime Barrios dá Young Filmmakers Foundation sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n kọ́ ní àdúgbò Lower East Side ní New York ni òbí wọn ò lówó, àwọn ọmọ Puerto Rico sì wà níbẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ìtàn àwọn ọmọ náà fúnra wọn ni wọ́n ní kí wọ́n yà.

Super 8 ti dé ní 1965: ki káséètì bọ kámẹ́rà, ó parí. Fídíò tẹ̀ lé e, kámẹ́rà kékeré oní-dígítà náà dé. Ní 1999, Apple mú iMovie, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gé fíìmù tí wọ́n sì fi ń tò ó, jáde, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì lè máa gé fíìmù rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà inú yàrá. New York Film Academy, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992, wà lára àwọn tó ń gba ọ̀dọ́langba nígbà ìsinmi báyìí.

Fíìmù ò wọ́n mọ́, àmọ́ olùkọ́ tó mọṣẹ́ ṣì ń fọwọ́ ara rẹ̀ dá ọ̀wọ́n náà pa dà: ìran mẹ́wàá péré, ẹ ò gbọdọ̀ gé e lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yà á tán. Ẹni tó darí lónìí á gbé máíkù lọ́la. Tó bá wá di alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, wọ́n á paná, àwọn òbí á jókòó, ọmọ tó tún ìran kan ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin á sì máa fetí sílẹ̀ bóyá wọ́n máa rẹ́rìn-ín níbi tó rò pé wọ́n á ti rẹ́rìn-ín.