Kí Ló Dé Tí Páílọ́ọ̀tì Náà Kò Padà sí Pápákọ̀?

Gbogbo ìgbà tí bàálù kékeré bá já lulẹ̀ kété tó gbéra ni wọ́n máa ń bi àwa tá à ń kọ́ni ní wíwa bàálù ní ìbéèrè yìí: "Ṣebí pápákọ̀ ò tíì jìnnà sí i, kí ló dé tí kò yí padà?" Lọ́pọ̀ ìgbà, ó yí padà. Yíyí yẹn gan-an ló pa á.

Ẹ mú bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan bíi Cessna 172. Bó ṣe ń gòkè, imú rẹ̀ wà lókè, eré rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan eré yẹn ti ń tán lọ. Atẹ́gùn tó ń gba ara ìyẹ́ kọjá ló sì ń gbé bàálù dúró, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ohun tó kù ni kí páílọ́ọ̀tì tètè dorí imú rẹ̀ kọ ilẹ̀ díẹ̀, kí eré má baà tán. Ẹ̀dá kì í fẹ́ ṣe é. Ilẹ̀ ń bọ̀ wá pàdé ẹ, wọ́n tún ní kó o dojú kọ ọ́!

Ẹni tó bá wá ní òun ń padà, yíyí kan ṣoṣo ò ní tó o, torí yóò ti gbé e kúrò lọ́gangan ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé láti gbéra. Ó ní láti tún un yí kó tó bá a dọ́gba. Bó bá sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n dígírì 45 láìfẹ́ kí bàálù sọ̀ kalẹ̀, eré tó kéré jù tí ìyẹ́ fi lè gbé bàálù dúró á fi nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ní dígírì 60, ó di ìdá 41. Eré tó ní ń dínkù, eyí tó nílò ń pọ̀ sí i. Nígbà tó bá yá, ìyẹ́ kan á jọ̀wọ́ ṣáájú èkejì, bàálù á dorí kodò, kò sì sí àyè lábẹ́ rẹ̀ láti tún un ṣe.

Ìdí nìyẹn tá a fi ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ síta kó tó gbéra: "Bí ẹ́ńjìnnì bá kú kí n tó ga tó báyìí, iwájú ni mò ń lọ." Oko ni o, igbó ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́ ni o, kó sọ̀ sí i pẹ̀lú ìyẹ́ méjèèjì ní ìdọ́gba. Bàálù lè bàjẹ́. Ìyẹn ò kàn mí, ẹ̀mí ni mò ń wò.

Kí ló ń pa ẹ́ńjìnnì? Omi nínú epo wà lára wọn. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ táńkì ló máa ń jókòó sí, ìdí rèé tí páílọ́ọ̀tì fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ìyẹ́, tó ń fa epo díẹ̀ sínú ife tó mọ́ gaara. Epo 100LL, ìyẹn epo tí irú bàálù kékeré bẹ́ẹ̀ ń lò, aláwọ̀ búlúù ni. Bí ohun kan tí kò láwọ̀ bá ń yí nísàlẹ̀ ife, ó ní láti máa fà á títí yóò fi mọ́.

Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀wẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò ní àbùkù kankan. Ooru ló mú kí atẹ́gùn fẹ́lẹ́, ẹrù sì pọ̀ jù. Bàálù á wá sáré jìnnà kó tó lè gbéra, torí náà ojú ọ̀nà tó tó láàárọ̀ lè má tó lọ́sàn-án. Ìwọ̀n tí èmi fara mọ́ ni pé bí páílọ́ọ̀tì bá dé ìdajì ojú ọ̀nà láìtíì ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún eré tó fi ń gbéra, kó dín agbára ẹ́ńjìnnì kù pátápátá, kó tẹ búrékì, kó padà lọ já ẹrù sílẹ̀.