Júpítà Lójú Ọ̀run Àkúrẹ́: Ooru Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Sá Fún

Ohun ńlá tó ń tàn láìṣẹ́jú lókè orí wa ní ọ̀gànjọ́ òru kì í ṣe Àgùàlà. Àgùàlà kì í jìnnà sí oòrùn. Bí oòrùn bá ti wọ̀, bóyá ni yóò fi lò ju wákàtí mẹ́ta ó lé díẹ̀ lọ kí òun náà tó wọ̀. Júpítà, pílánẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù lọ, ló ń dá dúró di òru.

Àròyé tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tẹlisikópù ni pé Júpítà ń hó bí omi orí iná. Ẹ má tíì dá awò lẹ́bi. Páànù àti kọnkéré tó ti jẹ oòrùn látàárọ̀ ló ń tú ooru sílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ orí wọn sì ń mì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ awò lé ilẹ̀ tó ní koríko, kí ẹ má sì wò ó gba orí òrùlé aládùúgbò kọjá. Ẹ̀yin ará Ìdànrè, ẹ kọ ẹ̀yìn sí òkè, nítorí àpáta a máa pa ooru mọ́ wọ òru. Ẹ gbé awò síta ní bí ìṣẹ́jú 40 ṣáájú. Bó bá ti inú yàrá ẹ̀rọ amúlétutù jáde, ìrì á bo dígí rẹ̀. Ẹ má fi aṣọ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀.

Ìlọ́po, ìyẹn iye ìgbà tí awò ń sọ nǹkan di ńlá, ni àṣìṣe kejì. Ẹ má gba ìlọ́po 600 tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́. Bí ara awò bá ní D 114 (fífẹ̀ ojú rẹ̀ ní mìlímítà), F 900 (ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń pàdé, ní mìlímítà), gíláàsì ojú (èyí tí à ń fi ojú sí) tí wọ́n kọ 25 sí lára yóò fún yín ní ìlọ́po 36 (900 tí a fi 25 pín), 10 á fún yín ní 90. Ẹ fi 36 wá a, kí ẹ tó bọ́ sí 90 tí ẹ ó ti rí ìlà méjì aláwọ̀ ilẹ̀ lára rẹ̀. Ní 90, ìṣẹ́jú bíi méjì ló máa fi ré kọjá lójú awò, nítorí ayé ń yí. Ẹ máa rọra tì í tẹ̀ lé e. Ojú kò rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tẹjú mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, afẹ́fẹ́ á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlà náà á hàn kedere.

Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ ti fi orí òpó ìbánisọ̀rọ̀ tó jìnnà tọ́ awò kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí à ń fi wá nǹkan, sọ́nà. Ẹ má kọjú rẹ̀ sí oòrùn láé: ojú á fọ́.

Ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù kejì 2027, Júpítà yóò wà ní òdìkejì oòrùn gan-an lójú ọ̀run, á máa yọ bí oòrùn bá ń wọ̀. Eruku ọyẹ́ kì í sábà pa á mọ́lẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà sì ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń dúró jẹ́ẹ́. Kù díẹ̀ kí aago kan òru lù ni yóò dé àtàrí, àmọ́ ẹ má dúró dè é débẹ̀: ara awò á máa kọ lu ẹsẹ̀ rẹ̀, ọrùn á sì ro yín. Aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá dára.

Ẹni tí kò ní ju awò ọlọ́jú méjì 10x50 (ìlọ́po 10, dígí iwájú mìlímítà 50) lọ, kó fi ti ògiri kó má baà gbọ̀n. Yóò rí òṣùpá mẹ́rin tí Galileo rí ní oṣù kìn-ín-ní 1610. Io, ọ̀kan lára wọn, ń yí Júpítà ká ní wákàtí 42, Callisto, òmíràn, ní nǹkan bí ọjọ́ 17. Ẹ yà wọ́n sínú ìwé lálẹ́ mẹ́ta léraléra. Bí mẹ́ta péré bá hàn, ìkẹrin lè wà lẹ́yìn Júpítà tàbí níwájú rẹ̀. Ẹ padà wò ó lẹ́yìn wákàtí méjì.