Bí Oògùn Propranolol Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ẹnikẹ́ni tí jìnnìjìnnì bá ti bò rí mọ̀ ọ́n: àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bo àtẹ́lẹwọ́. Àwọn iṣan tí ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ara ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú èròjà adrenaline tí ó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá. Ní 1948, Raymond Ahlquist, onímọ̀ nípa oògùn ní Georgia, Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé ojúlé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni irú èròjà bẹ́ẹ̀ ń gbà wọ ara, ó pè wọ́n ní alpha àti beta, ó sì sọ pé ti beta ni ó ń mú ọkàn sáré. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìgbà náà kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí.

James Black, ọmọ Scotland tí a bí ní 1924, kà á sí. Nígbà tí àwọn mìíràn ń wá oògùn tí yóò mú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i wá fún ọkàn tí ó rẹ̀, ó rò ó pé ó sàn kí a dín iṣẹ́ ọkàn náà kù. Ní 1958, ó wọ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ICI ní England. Oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, pronethalol, fa kókó sí eku lára, wọ́n sì pa á tì. Propranolol ni ó rọ́pò rẹ̀. Kì í dá adrenaline dúró kí ó má jáde: ojúlé beta ni ó jókòó sí, bí àlejò tí ó gba àga kí onílé tó dé.

Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru kò sí nínú ète náà rárá. Dókítà Brian Prichard ní London ni ó rí i, ní 1964, pé ó ń wálẹ̀ lára àwọn tí ń lò ó.

Ní 1966, àwọn dókítà méjì, Granville-Grossman àti Turner, fún àwọn tí àníyàn ń dà láàmú ní propranolol, wọ́n sì fi í wé hóró tí kò ní oògùn nínú. Àyà lílù àti àwọn àmì inú ara mìíràn rọlẹ̀ ju àníyàn fúnra rẹ̀ lọ. Àwa Yorùbá ń pe ẹran tí ń lù láyà ní ọkàn, a sì ń pe ibi tí ìbẹ̀rù ń gbé ní ọkàn. Ohun tí ó wú mi lórí nínú iṣẹ́ wọn ni pé ó ya méjèèjì sọ́tọ̀. Oníkọ́-fée kò gbọdọ̀ dán propranolol wò láìrí dókítà, nítorí oògùn náà lè dí ọ̀nà èémí rẹ̀.

Ní 1977, àwọn olùwádìí fún àwọn tí ń ta gòjé òyìnbó àti irú rẹ̀ ní oxprenolol, ọmọ ìyá oògùn yìí, kí wọ́n tó ṣeré lójú àwùjọ. Ọwọ́ tí ó máa ń mú ọ̀pá gòjé gbọ̀n lórí okùn dúró jẹ́ẹ́, orin wọn sì dára sí i.