Ta ló ń ṣọ́ ẹ̀sìn ilé ẹ̀kọ́ Híńdù tí ìjọba ń sanwó rẹ̀? Ìbéèrè àti ìdáhùn láti Ìlú Ọba

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008 ni Krishna Avanti Primary School ṣílẹ̀kùn ní Harrow, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Òun ni ilé ẹ̀kọ́ Híńdù àkọ́kọ́ ní Ìlú Ọba tí ìjọba ń gbé bùkátà rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irú rẹ̀ dé Leicester ní 2011 àti Redbridge ní 2012. Àwọn èèyàn sì ń béèrè bí ẹ̀sìn ṣe lè dúró níbi tí owó ìjọba bá ti wọlé, torí ẹnu tó bá jẹ dòdò, wọ́n ní kì í lè sọ òdodo. Òfin ilẹ̀ England là ń sọ níhìn-ín o. Scotland ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Kí ló dé tí ìjọba fi ń sanwó fún ilé ẹ̀kọ́ ẹlẹ́sìn rárá?

Àdéhùn ọdún 1944 ni. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n owó àtúnṣe ti wọ́n wọn lọ́wọ́. Ìjọba wá sọ pé òun yóò máa san owó oṣù olùkọ́, kí ṣọ́ọ̀ṣì máa dá ìdajì owó ilé kíkọ́, kó sì di ilẹ̀ rẹ̀ àti ẹ̀sìn rẹ̀ mú. Irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní voluntary aided. Ìdajì yẹn ti wálẹ̀ di ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lónìí. Àwọn Júù wọ inú ètò náà, àwọn Mùsùlùmí wọ̀ ọ́ ní 1998, àwọn Síìkì ní 1999, kó tó kan àwọn Híńdù. Ọ̀nà kejì tó ti ṣí láti 2010 ni free school, níbi tí ìjọba ti ń san gbogbo owó, àti ilé àti oṣù.

Ṣé ère Krishna, òrìṣà Híńdù kan, inú ọgbà ló sọ ọ́ di ilé ẹ̀kọ́ Híńdù?

Rárá. Ère lè wà, kí wọ́n máa kọ́ ọmọ ní Sáńsíkírítì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ilé ẹ̀kọ́ má jẹ́ ti Híńdù lójú òfin. Ohun tó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ ni ìwé àṣẹ tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí, tó dárúkọ ẹ̀sìn náà. Fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ abẹ́ kánsù, abala 69 òfin ilé ẹ̀kọ́ ọdún 1998 ni ó ti wá. Láìsí ìwé yìí, ìjọsìn ojoojúmọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ fara jọ ti Kìrìsìtẹ́nì lápapọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kò ní lè torí ẹ̀sìn yan olùkọ́, kò sì ní lè torí rẹ̀ yan ọmọ tó máa wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá díjú ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "Híńdù", ni ìwé àṣẹ náà sábà máa ń sọ. Híńdù wo? Ẹni tó ń sin Shiva wà, ẹni tó ń sin Òrìṣà Ìyá wà, àwọn ọmọlẹ́yìn Swaminarayan ní tẹ́ńpìlì ńlá ní Neasden ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ISKCON, ìyẹn ẹgbẹ́ Hare Krishna, sì ń sin Krishna lójú ọ̀nà tí Chaitanya ará Bengal là sílẹ̀. Krishna Avanti sún mọ́ àwọn ISKCON. Ilé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì ní bíṣọ́ọ̀bù tó máa sọ̀rọ̀ tí àríyànjiyàn yóò fi tán. Híńdù kò ní bíṣọ́ọ̀bù, kò ní póòpù. Bí wọn kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdásílẹ̀, ọdún ogún lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni lè dìde pé irú ẹ̀sìn Híńdù tòun ni ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ máa ṣe.

Nítorí náà, ìwé ìdásílẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù, kódà ó ju ìwé àṣẹ mínísítà lọ. Ó yẹ kó sọ ohun mẹ́rin ní kedere: ìlànà ìgbàgbọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ń tẹ̀ lé, ẹgbẹ́ tó ní ẹ̀tọ́ láti túmọ̀ ìlànà náà, bí wọn yóò ṣe yan arọ́pò ẹgbẹ́ yẹn tó bá túká, àti ẹni tí ilẹ̀ yóò bọ́ sí lọ́wọ́. Ìkẹta yẹn ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, òun náà ló sì ń dá ìjà sílẹ̀.

Báwo ni ẹlẹ́sìn ṣe ń di ọ̀pọ̀ ìbò mú nínú ìgbìmọ̀ alákòóso?

Ní voluntary aided, àwọn tí ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn yàn gbọ́dọ̀ fi méjì ju gbogbo àwọn yòókù lápapọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òbí méjì tí àwọn òbí dìbò yàn, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, òṣìṣẹ́ kan, aṣojú kánsù kan: márùn-ún. Ẹlẹ́sìn gbọ́dọ̀ yan méje, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ méjìlá. Bí wọ́n bá fi òbí kan kún un, tiwọn náà gbọ́dọ̀ di mẹ́jọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí àyè ìjókòó wà lórí ìwé kí ẹni tó máa jókòó má sí. Méje dórí ìwé, mẹ́rin ló ń wá sípàdé, àwọn yòókù sì ti fi ìbò borí.

Ní akadẹ́mì, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń sanwó fún tààrà tí kò sí lábẹ́ kánsù, àti ní free school, ìwé òfin ilé iṣẹ́ ló ń sọ iye aṣojú, nítorí ilé iṣẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni akadẹ́mì jẹ́. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò àwọn mẹ́ńbà ló ń yí ìwé òfin yẹn padà. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn tó bá di ju ìdá 25 ìbò mú lè dí ọ̀nà mọ́ àyípadà tí kò bá fẹ́. Bí mẹ́ńbà bá jẹ́ márùn-ún, méjì tó. Ẹyọ kan kò tó, torí mẹ́rin nínú márùn-ún jẹ́ ìdá 80. Ká tó fọwọ́ sí ìwé pé a ń di akadẹ́mì, iye yìí ni ká kọ́kọ́ wò.

Ṣé irú wàhálà Ìlọrin lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?

Ní Kwara ní ọdún 2021, ìjà híjáàbù ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan pa, àwọn tí ṣọ́ọ̀ṣì sọ pé àwọn ló ni, tí ìjọba sì ń ràn lọ́wọ́. Ìjọba ní òun ló ń san owó oṣù, ṣọ́ọ̀ṣì ní orúkọ òun ló wà lára ògiri. Ní England, ẹni tó ni ilẹ̀, ẹni tó ń yan ìgbìmọ̀ àti ẹni tó ń sanwó, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ilé ẹ̀kọ́ tó ṣí. Ìjà ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé sọ ni wọ́n ń jà lé lórí. Ojú lè yẹ̀, ohùn ni kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Ṣé ọmọ Híńdù nìkan ni wọ́n lè gbà?

Bí àyè bá ṣófo, gbogbo ọmọ tó bá béèrè ni wọn yóò gbà, Híńdù tàbí kì í ṣe Híńdù. Ìgbà tí àwọn tó ń béèrè bá pọ̀ ju àyè lọ nìkan ni ẹ̀sìn máa ń wọ ọ̀rọ̀. Nígbà náà pàápàá, àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú kánsù tàbí tó ti wà níbẹ̀ rí ni wọ́n ń fi síwájú, ó kéré tán àwọn tó jẹ́ ẹlẹ́sìn náà nínú wọn.

Voluntary aided lè fi ẹ̀sìn yan gbogbo àyè rẹ̀. Free school tuntun kò lè kọjá ìdajì. Ká ní àyè jẹ́ 60, ìyẹn kíláàsì méjì ọlọ́gbọ̀n-ọgbọ̀n, ẹ̀sìn lè yan 30. Àwọn 30 yòókù, bóyá nípa bí ilé ṣe sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó, wọ́n ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìdajì ilé ẹ̀kọ́ kò ní jẹ́ Híńdù mọ́. Ẹ wo Harrow: nínú ètò ìkànìyàn 2021, ìdá 25.8 nínú ọgọ́rùn-ún ará ibẹ̀ ló sọ pé Híńdù làwọn. Kò sí òfin tó ní kí Híńdù tó ń gbé ìtòsí má gba àyè nínú 30 kejì. Ibi tí wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí ń ṣe iṣẹ́ tí ìlànà ìgbàwọlé kò lè ṣe.

Báwo ni òbí ṣe ń fi hàn pé Híńdù lòun?

Ibí ni ẹjọ́ ti pọ̀ jù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá ẹjọ́ JFS, ilé ẹ̀kọ́ Júù kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń wo bóyá ìyá ọmọ jẹ́ Júù. Adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní yíyan ọmọ nípa ìran ìyá rẹ̀ jẹ́ yíyan nípa ẹ̀yà, òfin kò sì gbà á. Látìgbà náà, ohun tí èèyàn ń ṣe ni wọ́n lè béèrè, kì í ṣe ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ilé ẹ̀kọ́ Híńdù tó bá kọ "ọmọ Gujarati" tàbí tó béèrè irú ìran tí ìdílé jẹ́ nílẹ̀ Íńdíà ti wọ gbaga.

Iṣẹ́ ìsìn wo ni wọ́n wá lè kà? Èyí tó ṣe é kà. "Híńdù tòótọ́" kò ṣe é kà. "Ó ń lọ sí tẹ́ńpìlì ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún ọdún kan gbáko ṣáájú ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀" ṣe é kà, alufáà sì lè fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ilé ni ọ̀pọ̀ Híńdù ti ń jọ́sìn, níwájú ojúbọ kékeré. Bí fọ́ọ̀mù bá ka tẹ́ńpìlì nìkan, yóò ti ẹlẹ́sìn tòótọ́ síta. Bí ó bá sì ka jíjẹ ẹran tàbí mímu ọtí, Híńdù tó ń jẹ ẹran, wọ́n sì pọ̀, yóò sọ pé ẹ̀ka kan ń pín ẹ̀sìn gbogbo wa. Èrò wa ni pé kí fọ́ọ̀mù gba ju ọ̀nà kan lọ, kó sọ ẹni tó máa jẹ́rìí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì ní gbólóhùn kan fún ìgbà tí tẹ́ńpìlì bá wà ní títì, bíi ti ìgbà Kòrónà.

Fọ́ọ̀mù méjì ni òbí ń kọ. Ti kánsù gbọ́dọ̀ dé kó tó di 15 oṣù Kìíní fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ti ẹ̀sìn ń lọ sọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé èkejì yóò bọ́ sí ìsọ̀rí àwọn tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn, bó tilẹ̀ ń sun tẹ́ńpìlì. Àwọn òbí Yorùbá tó ń wá Kátólíìkì tàbí Áńgílíkà ní Lọ́ńdọ̀nù ń ko irú rẹ̀ gan-an. Fọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ béèrè iṣẹ́ òbí, bóyá wọ́n gbéyàwó, tàbí owó ọrẹ. Bí ìlànà bá burú, ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí adájọ́ ìgbàwọlé kó tó di 15 oṣù Karùn-ún.

Ìjọsìn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ńkọ́?

Ìjọsìn ojoojúmọ́ ń tẹ̀ lé ìlànà ẹ̀sìn ilé ẹ̀kọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Òbí lè yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nínú méjèèjì láì sọ ìdí, ilé ẹ̀kọ́ sì gbọ́dọ̀ fi ẹni tì í. Ofsted, àjọ ìjọba tó ń yẹ ilé ẹ̀kọ́ wò, kì í ṣàyẹ̀wò apá yìí. Olùyẹ̀wò ẹlẹ́sìn ló ń ṣe é, lábẹ́ abala 48 òfin ọdún 2005. Nígbà tí ẹ̀sìn bá kéré, ó ṣòro láti rí olùyẹ̀wò tó mọ ẹ̀sìn, tó mọ iṣẹ́ olùkọ́ni, tí kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ àwọn tó fẹ́ yẹ̀ wò. Ó yẹ kí wọ́n máa kọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí ìgbà àyẹ̀wò tó dé.

Olùkọ́ tí kì í ṣe Híńdù lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Lè ṣe, wọ́n sì ń ṣe é. Òfin gba ilé ẹ̀kọ́ náà láyè láti fi olùkọ́ Híńdù síwájú, ṣùgbọ́n kò fi ipá mú un. Fún agbálẹ̀ tàbí akọ̀wé, ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ṣe é ṣe láìsí ẹ̀sìn, èyí kò sì rọrùn.

Ṣé ẹ̀sìn lè borí òfin yòókù?

Kò lè borí. Ní 2017, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sọ nípa Al-Hijrah, ilé ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí kan ní Birmingham, pé pípín ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ kan náà lòdì sí òfin ìdọ́gba. Láti 2020 ni ẹ̀kọ́ nípa ìbáṣepọ̀ ti di dandan níbi gbogbo. Ilé ẹ̀kọ́ lè sọ ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ wí, kò lè fo ẹ̀kọ́ náà.

Kí ló ń kọ́kọ́ yìnrìn lójoojúmọ́?

Ilé ìdáná. Ìlànà Krishna kò gba ẹran, ẹja àti ẹyin, àwọn tó le jù kì í fi àlùbọ́sà àti aáyù sí i. Ẹ̀wà, lẹ́ńtìlì, wàrà àti wàràkàṣì ló ń rọ́pò ẹran. Ìṣòro rẹ̀ wà nínú ohun tí ojú kò rí: jẹ́látìnì inú súìtì àti yógọ́ọ̀tì, ẹyin inú kéèkì àti núdùlù, oje ikùn ọmọ màlúù tí wọ́n fi ń ṣe wàràkàṣì kan. Alásè tí wọ́n gbà láti ìta lè pààrọ̀ ọjà láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ orúkọ àwọn èròjà tí kò gbọdọ̀ wọlé sínú àdéhùn pẹ̀lú alásè, kí ẹ ní kó fi ìwé ránṣẹ́ bí ó bá fẹ́ pààrọ̀ ohunkóhun, kí òṣìṣẹ́ kan sì máa ka ara páálí ní gbogbo ìgbà tí ọjà tuntun bá dé. Ẹ fi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí òbí nítorí kéèkì ọjọ́ ìbí. Kí ẹ sọ irú kéèkì tí wọ́n lè gbé wá, kì í ṣe èyí tí wọn kò gbọdọ̀ gbé wá nìkan.