Ṣé dandan ni kéèyàn dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó bá ń wa káyáàkì? Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé

Ẹni tó bá dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà l'Ékòó, ìbéèrè yìí nípa káyáàkì, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, lè pa á lẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ àwọn Ègùn Mákòkó, ọmọ kékeré á dá tukọ̀ lọ ra nǹkan, kò sóhun tó dé orí ẹ̀ ju fìlà tàbí akẹtẹ̀ lọ, ta ló tún ń sọ̀rọ̀ hẹ́límẹ́ẹ̀tì níbẹ̀? Ṣùgbọ́n kéèyàn dé Lee Valley White Water Centre, odò àtọwọ́dá tómi ẹ̀ ń sáré lẹ́bàá London, ibi tí wọ́n ti wa ọkọ̀ níbi Òlíńpíìkì ọdún 2012, wọn ò ní jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi láìdé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ì báà jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà. Tibí tọ̀hún, ọkọ̀ àti àjẹ̀ náà ni, kí ló wá fa ìyàtọ̀?

Ohun tó wà lábẹ́ omi ni, àti ibi tí orí máa wà tọ́kọ̀ bá yí.

Ẹrọ̀fọ̀ ló wà nísàlẹ̀ ọ̀sà, omi ibẹ̀ kì í sáré, ọkọ̀ wọn sì lanu sílẹ̀ gbalaja, tó bá yí ńṣe lèèyàn á já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á lúwẹ̀ẹ́ padà wá dì í mú. Kò sí òkúta tí orí fẹ́ gbá. Ohun tó ń pààyàn lórí irú omi bẹ́ẹ̀ ni àìmọ̀wẹ̀ àti àìwọ láífù jákẹ́ẹ̀tì, hẹ́límẹ́ẹ̀tì ò sì lè léfòó fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tówó ẹ̀ ò bá ká ju ẹyọ kan lọ nínú méjèèjì, jákẹ́ẹ̀tì ni kó rà, kò ní àríyànjiyàn nínú.

Káyáàkì ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló ní ihò kan láàárín téèyàn máa ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, á jókòó, á fi orúnkún há ara ẹ̀ mọ́nú ọkọ̀, wọ́n á tún wá fi aṣọ kan tó dà bíi yẹ̀rì bo ẹnu ihò yẹn pa kómi má bàa wọlé. Èèyàn àti ọkọ̀ ti di nǹkan kan nìyẹn. Tó bá wá yí, kì í da èèyàn nù, ńṣe ló máa dojú dé, ìdí á wà lókè, orí á wà nísàlẹ̀. Ẹ wá fojú inú wò ó pé odò ń sáré, omi ò ju ìbàdí lọ, òkúta tò síbẹ̀ ràbàtà-ràbàtà, orí èèyàn ló wá sún mọ́ ilẹ̀ odò jù lọ, omi sì ń gbé ọkọ̀ lọ pẹ̀lú ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ dáadáa á yára tẹ̀ síwájú títí iwájú orí ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọkọ̀, kó má baà jẹ́ pé ojú ni òkúta máa gbá, á na àjẹ̀ jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fi ìbàdí já ọkọ̀ padà sókè. Gbogbo ẹ̀ lè má ju sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Inú sẹ́kọ́ńdì yẹn ni hẹ́límẹ́ẹ̀tì ti ń jẹ owó tí wọ́n fi rà á.

Ibi tọ́pọ̀ èèyàn ò rò ó dé rèé o. Lórí ilẹ̀, téèyàn bá forí gbá àtérígbà, òòyì á kọ́ ọ, á jókòó díẹ̀, wọ́n á fi omi gbígbóná jó o, ó parí. Òòyì kan náà yẹn lábẹ́ omi, onítọ̀hún ò ní rántí àjẹ̀ mọ́, kò ní rántí ibi tí òkè wà, tó bá tún lọ dákú, ẹnu á là, omi á wọlé. Òkúta kọ́ ló pa á yẹn, omi ni, òkúta kàn bá omi dì í mú ni. Torí náà iṣẹ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì kì í ṣe kí agbárí má fọ́ nìkan, iṣẹ́ ẹ̀ gangan ni kí iyè èèyàn wà níbẹ̀ tó bá kù sísàlẹ̀, kó lè rí ìyókù ṣe fúnra ẹ̀.

Àwọn eléré ìdárayá tiẹ̀ jẹ́ kó hàn kedere. Ayomide Bello tó ṣojú Nàìjíríà nínú eré kánúù ní Òlíńpíìkì Tokyo, orúnkún kan ló fi kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀, omi tó dákẹ́ ni, 200 mítà gbọọrọ, òfin irú eré yẹn ò ní kó dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n Jonathan Akinyemi tóun náà ṣojú Nàìjíríà lọ́dún 2012, Lee Valley yẹn ló ti wa tiẹ̀, omi tó ń já wálẹ̀ ní mítà 5.5 láàárín 300 mítà, ìsàlẹ̀ kọnkéré. Síláàlọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pe eré yẹn, wọ́n á so ọ̀pá rọ̀ sórí omi, awakọ̀ á máa gba àárín wọn kọjá, tára bá kan ọ̀pá wọ́n á fi sẹ́kọ́ńdì 2 kún àkókò ẹ̀, tó bá fo ọ̀kan dá, 50. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì, dandan ni méjèèjì níbẹ̀. Eré yìí náà ni Benjamin Boukpeti fi gba bàbà ní Beijing lọ́dún 2008, mẹ́dà Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Tógò gbà rí, inú ẹ̀ dùn débi pé ó ṣẹ́ àjẹ̀ ẹ̀ sí méjì.

Òkun ńkọ́? Tó bá jẹ́ lójú omi tó jìnnà sí èbúté, tí kò sí àpáta nítòsí, fìlà tó ń dáàbò bo orí lọ́wọ́ oòrùn wúlò jù. Àmọ́ níbi tí ìgbì ti ń fọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ tèèyàn fúnra ẹ̀ lè yí padà wá gbá a lórí, tomi bá sì ti kún inú ẹ̀ kì í ṣe nǹkan fúyẹ́. Kí wọ́n dé e níbẹ̀. Bákan náà lẹ́bàá àpáta, tàbí ibi tí ọkọ̀ pọ̀ tí wọ́n ń kọlu ara wọn, àwọn tó ń fọwọ́ ju bọ́ọ̀lù síra wọn nínú káyáàkì tiẹ̀ ń dé èyí tó ní irin níwájú ojú.

Ó wá ku irú èyí tí wọ́n máa dé, torí lọ́dún 2009 tí àjọ ojú pópó FRSC ní kí gbogbo ọlọ́kadà dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, a ṣáà rí àwọn tó dé igbá àti ìkòkò jáde. Ti ọ̀kadà ò dáa fún omi, ó wúwo, ó ń dí etí, aṣọ inú ẹ̀ á fa omi mu. Ti kẹ̀kẹ́ náà kọ́, fóòmù funfun inú ẹ̀ máa ń fọ́ láti gba ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo mọ́ra, bẹ́ẹ̀ òkúta odò lè gbá èèyàn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tẹ̀léra, ọ̀pọ̀ ò sì bo ẹ̀bátí àti ìpàkọ́. Ti omi, fóòmù ẹ̀ máa ń wú padà tí wọ́n bá gbá a tán, ọ̀pọ̀ ní ihò tómi ń gbà jáde, torí tómi bá há sínú ẹ̀ nígbà tí odò ń sáré, á di bókẹ́ẹ̀tì, á máa fa ọrùn sẹ́yìn. Nọ́ńbà tí wọ́n ń wò lára ẹ̀ ni EN 1385, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún hẹ́límẹ́ẹ̀tì omi. Ìpele mẹ́fà ni wọ́n pín omi tó ń sáré sí, 1 ló rọ̀ jù, 6 ló le jù, omi onípele 1 dé 4 ni wọ́n ṣe é fún, 5 àti 6 ò sí nínú ẹ̀.

Tí wọ́n bá ti dé e, kó wà ní nǹkan bí ìka méjì sókè ìpéǹpéjú, kì í ṣe kí wọ́n tì í sẹ́yìn bí abetí ajá. Kí wọ́n so okùn àgbọ̀n, kí wọ́n wá fi àtẹ́lẹwọ́ tì í látiwájú. Tí iwájú orí bá ti yọ síta, ó tóbi jù, torí omi máa tì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá sán, ẹ gbé e sọnù, ẹ má sì fi í sílẹ̀ sínú búùtù mọ́tò nínú oòrùn, ọ̀rá ẹ̀ á gan, ìgbà tẹ́ ẹ bá máa mọ̀ pé ó ti gan, orí yín ti wà nísàlẹ̀.