Àgọ́ Fóònù Pupa Ìlú Ọba: Ohun Tó Ń Lé E Lọ àti Ohun Tó Ń Dá A Dúró

Ilẹ̀kùn àgọ́ fóònù pupa kì í ṣe èyí tí ọmọdé ń fi ìka kan ṣí. Irin yíyọ́ tí wọ́n dà ni ara àgọ́ náà, igi tíìkì ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀. Irú èyí tó wọ́pọ̀ jù, tí wọ́n ń pè ní K6, wúwo tó nǹkan bíi 750 kìlógíráàmù. Giles Gilbert Scott ló ya àwòrán rẹ̀ ní 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí ìtẹ́, wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ káàkiri ìlú àti ìletò títí ó fi tó nǹkan bíi 60,000. Àwọ̀ pupa tí gbogbo ayé wá ń yà ní fọ́tò lónìí, àwọn ará ìgbèríko kan kò fẹ́ ẹ rárá nígbà náà. Láwọn ibòmíì, ọ̀dà aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi kùn ún.

Bọ́tìnnì méjì ló wà lára àpótí owó rẹ̀ láyé ọjọ́un, A àti B. Ẹni tó fẹ́ pe èèyàn á kọ́kọ́ ju owó ẹyọ sínú ihò, á wá yí nọ́ńbà. Bí wọ́n bá gbé e, á gbọ́ ohùn wọn, àmọ́ wọn ò ní í gbọ́ tirẹ̀ àfi tó bá tẹ A, tí owó já sínú àpótí. Bí ẹnikẹ́ni ò bá gbé e, B ni yóò tẹ̀, owó á sì dà padà sínú abọ́ kékeré ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọdé tó ń kọjá lọ mọ B dáadáa: wọ́n á yà wọlé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ wò, bóyá ẹnì kan gbàgbé owó. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní fóònù, inú àgọ́ yìí ni wọ́n ti ń gbọ́ pé wọ́n ti bímọ tàbí pé èèyàn wọn ti kú. Ìdí nìyẹn tí àárò rẹ̀ fi ń sọ àwọn àgbà ibẹ̀, kì í ṣe nítorí ẹwà nìkan.

Nígbà tí ìjọba ta BT, iléeṣẹ́ tó ni àwọn àgọ́ náà, fún aládàáni ní 1984, kò pẹ́ tí wọ́n fi ń hú àwọn àgọ́ pupa, tí wọ́n ń fi onígíláàsì rọ́pò wọn. Lẹ́yìn náà ni fóònù alágbèéká dé. Àgọ́ fóònù onírúurú tó ju 90,000 lọ láàárín ọdún 1990 sí 1999 ti dín kù sí nǹkan bíi 21,000 ní 2021.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ ni pé òfin tó ń dáàbò bo irin kọ́ ló ń dáàbò bo fóònù inú rẹ̀. Ní ti irin, ìjọba ti ka àgọ́ tó ju 2,000 lọ mọ́ ilé àjogúnbá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dédé hú wọn. Ní ti fóònù, Ofcom tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ló gbé ìlànà kalẹ̀ ní 2022. BT ò gbọdọ̀ yọ fóònù níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù alágbèéká mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nígbà náà kò bá dé tán, níbi tí jàǹbá tàbí ìpara-ẹni ti ń ṣẹlẹ̀ léraléra, tàbí níbi tí èèyàn ti pè tó ìgbà 52 lọ́dún, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Iye yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ìdí wà fún un: láti May 2019 sí May 2020, ìpè pàjáwìrì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 150,000 ló ti inú àgọ́ wá, nǹkan bíi 25,000 míì sì lọ sí Childline tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọmọdé.

Èyí tí fóònù rẹ̀ kò bá wúlò mọ́, ìgbìmọ̀ abúlé tàbí ẹgbẹ́ aláàánú lè gbà á ní pọ́n-ùn kan péré. BT á tú fóònù kúrò, àgọ́ á di tiwọn, ọ̀dà kíkùn náà á sì di ọrùn wọn. Láti 2008, ó ti lé ní 6,000 tí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Ní abúlé Westbury-sub-Mendip, ìwé ni wọ́n tò sínú tiwọn: mú ọ̀kan, fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ abúlé, ẹ̀rọ tó ń fi iná jí ọkàn tó dáwọ́ dúró ni wọ́n gbé kọ́ sí ibi tí fóònù wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣubú lulẹ̀, ẹni tó wà nítòsí á fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀. Bí àpótí ẹ̀rọ náà bá ní kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà, wọ́n á ka nọ́ńbà náà fún un, á fa ilẹ̀kùn wíwúwo yẹn, á sì gbé ẹ̀rọ jáde.