Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣètò Ilé Mẹ̀kúnnù Sórí Ilẹ̀ Òfo ní Àbújá

Ilẹ̀ òfo pọ̀ nígboro Àbújá, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò ní ẹni tó ni ín. Ìwé òfin 1999 fi gbogbo ilẹ̀ olú-ìlú sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, Mínísítà FCT (agbègbè olú-ìlú) ló sì ń pín in. Nítorí náà, AGIS, ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Àbújá, ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ yẹ ìwé ilẹ̀ wò, kí wọ́n tó wo ohun tí pílánù ìlú ní kí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe. Ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún igi tàbí ojú omi kò ṣeé kọ́lé sí, bó ti wù kó tẹ́jú tó. Àwọn Development Control, tó ń wó ilé tí kò bófin mu, kò ní kàtàpílà lásán.

Lẹ́yìn ìwé, ó ku ẹni tó ń dáko níbẹ̀. Àwọn Gbágyì wà lára àwọn tó ti ń gbé àgbègbè náà kí ìjọba tó yàn án ṣe olú-ìlú ní 1976. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé ní láti ka ohun ọ̀gbìn àti igi eléso àwọn tó ń dáko níbẹ̀, kó sì san owó gbà-máà-bínú. Ẹni tó bá fo ibí yìí ń dá ẹjọ́ sílẹ̀ de ara rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ awọnlẹ̀ kọjá kó ri òpó sí igun ilẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi ibi tí ilẹ̀ ti ga àti ibi tó ti rẹlẹ̀ hàn. Lẹ́ẹ̀rùn, ojú omi á gbẹ, á dà bí ọ̀nà ẹsẹ̀ lásán; tó bá di oṣù kẹjọ, omi á padà wá béèrè ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ará Lugbe ní Àbújá mọ̀ ọ́n. Ètò tó dáa máa ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún koríko àti igi, àwọn ọmọdé á sì máa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn.

Omi mímu náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Àbújá, kànga ẹ̀rọ kan lè lómi kí èyí tó wà nítòsí rẹ̀ gbẹ. Bẹ́ẹ̀, òjò mìlímítà 1 lórí òrùlé tó fẹ̀ ní mítà 1 lóròó àti níbùú jẹ́ lítà omi 1. Òjò ọdún kan níbẹ̀ ju mìlímítà 1,000 lọ, nítorí náà òrùlé tó fẹ̀ tó irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ lọ́nà 60 á rí ju lítà 60,000 lọ, kí a tó yọ èyí tó ṣòfò. Táǹkì ló wọ́n. Omi náà lè má pẹ́ dé oṣù kẹta, ṣùgbọ́n á dín owó mẹ́rúwà kù.

Oòrùn ló gba ọgbọ́n jù, òun náà ni kò sì ná kọ́bọ̀ tí wọ́n bá rò ó lórí bébà. Àbújá wà ní nǹkan bí dígírì 9 sí àríwá agbedeméjì ayé. Ní àárín oṣù kẹrin àti ìparí oṣù kẹjọ, oòrùn ọ̀sán á wà lókè orí gan-an. Ògiri tó kọjú sí àríwá tàbí gúúsù rọrùn láti bò: kí òrùlé yọ síta díẹ̀, ó parí. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ òrùlé ló ń gbà wọlé. Ìdí nìyí tí ilé fi gbọ́dọ̀ na gbọọrọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí àtẹ̀gùn òkè àti balùwẹ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn, kí fèrèsé kọjú síra kí atẹ́gùn lè kọjá. Kó sì ṣeé tì pa, nítorí eruku ọyẹ́. Ilé tó bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn nítorí pé ibẹ̀ ni títì wà, ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ni yóò máa fi owó iná san gbèsè àwòrán náà lóṣooṣù.

Ní ti ògiri, ilé alámọ̀ àtijọ́ ní Zaria àti Kano ti fi hàn pé erùpẹ̀ tó nípọn máa ń dá ooru dúró. Lónìí, ẹ̀rọ máa ń tẹ erùpẹ̀ pupa pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀ di búlọ́ọ̀kù, láìfi iná sun ún. Ó fẹ́ ìpìlẹ̀ tó ga àti òrùlé tó yọ síta, kí òjò má bàa jẹ ẹ́. Ìtìjú ni ìṣòro rẹ̀: mẹ̀kúnnù kò fẹ́ kí wọ́n kó òun sílé alámọ̀. Ọ́fíìsì ìjọba ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́.

Òfin NHF (àpò owó ilé ti ìjọba àpapọ̀) ti 1992 ń gba 2.5% lára owó oṣù òṣìṣẹ́ fún yíyá owó ilé. Ìyá aláta ní Nyanya, lẹ́yìn ìlú Àbújá, kò ní ìwé owó oṣù, nítorí náà ó yẹ kí ilé tí wọ́n ń fi háyà wà lára ètò náà, kí ṣọ́ọ̀bù sì wà nísàlẹ̀. Sólà fún iná àtẹ̀gùn àti ẹ̀rọ omi dára, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ á kú lọ́jọ́ kan. Owó ṣọ́ọ̀bù yẹn ni kí wọ́n máa fi ra òmíràn, kí wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí ẹnikẹ́ni tó gba kọ́kọ́rọ́.